Mo-Ti-Ṣe-É àti Kọ̀ǹpútà Iṣẹ́ Rẹ̀

Ayàwòrán-ilé kan wà tí àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan náà tó láti ba ayé èèyàn jẹ́. Kò sí ohun tí ẹ lè ní kó ṣe tí kò ní sọ pé òun ti ṣe é. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn irọ́. Ohun tó ń bí i nínú ni kí ẹnikẹ́ni máa bi í léèrè bí ọmọdé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Dádì, ṣé ẹ ti tilẹ̀kùn ẹ̀yìn?" á ní, "Mo ti ṣe é," ilẹ̀kùn á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu di àárọ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kúkú sọ ọ́ ní Mo-Ti-Ṣe-É. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Ilé ìwòsàn kan fẹ́ kọ́ ilé tuntun, Mo-Ti-Ṣe-É ni wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ṣe iṣẹ́ náà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí iléeṣẹ́ fún un, ó sì dára, nítorí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé bí àwọn onílé ìwòsàn bá gba àwòrán náà, Mo-Ti-Ṣe-É ni yóò di olórí ẹ̀ka wọn níléeṣẹ́. Ọ̀gá yìí kan náà fún un ní fíláàṣì, ó ní kó máa da iṣẹ́ náà kọ sórí rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá béèrè, "Mo ti ṣe é, sà" ni. Inú dúróò ni fíláàṣì náà wà, inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ló sì wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó fi àwòrán han àwọn onílé ìwòsàn láti ilé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pa á, ó tàn án. Pàbó. Ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Òógùn bò ó.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan mi nínú ilé yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Dádì. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọlé sórí fóònù tèmi. Ṣé ẹ ti wo ara kọ̀ǹpútà yẹn fúnra rẹ̀?"

"Mo ti wò ó! Jẹ́ kí n rímú mí, jàre!"

Ó pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níléeṣẹ́ wọn lórí fóònù. Obìnrin náà rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bọ́tìnì kékeré kan tó ń tan íńtánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó máa ń ṣèèṣì pa bí ẹ bá ń tì í bọ inú báàgì. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?"

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì yín lára ògiri, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún kì í bọ ibẹ̀."

"Mo ti ṣe é! Ṣé ọmọdé lo pè mí ni?"

Ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àga.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn, sà, a jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló dàrú. Ohun tó kù ni ká sọ ọ́ di bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ máa pa rẹ́ o. Ṣé ẹ ti da tiyín kọ sórí fíláàṣì?"

Ẹnu rẹ̀ dáhùn kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ìbéèrè náà tán. "Mo ti ṣe é, mo ti ṣe é! Sọ bọ́tìnì tí mo máa tẹ̀!"

Obìnrin náà sọ ọ́, ọkùnrin wa sì tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí padà, ojú rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀rọ̀ kan jáde níbẹ̀ pé bọ́tìnì íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní pípa. Mo-Ti-Ṣe-É wá bẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó fi èékánná ti bọ́tìnì. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé wẹ́rẹ́. Ó wá àwòrán rẹ̀ títí, kò rí i. Ìgbà yẹn ló rántí fíláàṣì inú dúróò.

Kò pẹ́ tí ojú ọ̀gá rẹ̀ àti ti àwọn onílé ìwòsàn fi yọ lójú kọ̀ǹpútà, kedere báyìí.

"A ń rí yín, a sì ń gbọ́ yín dáadáa," ni dókítà àgbà wí. "Ẹ fi àwòrán náà hàn wá."

Ó ní gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́.

"Ti orí fíláàṣì ńkọ́?" ni ọ̀gá rẹ̀ bi í. "Ṣebí o ní o ti dà á kọ?"

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò ṣe é, sà."

Ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ẹlòmíràn ló di olórí ẹ̀ka, ẹni náà ló sì máa ń dúró lẹ́yìn àga Mo-Ti-Ṣe-É títí yóò fi ṣe ohun tó bá ní kó ṣe lójú òun. Nílé, ìyàwó rẹ̀ kì í béèrè mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á dìde fúnra rẹ̀, á lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bi wá bóyá a ti ṣe nǹkan kò bú wa, ìrànlọ́wọ́ ló fẹ́ ṣe. Bí a bá fi irọ́ dá a lóhùn, orí irọ́ yẹn ni yóò gbé ìmọ̀ràn tó máa fún wa lé. Ká bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè dín iyì wa kù. Ká máa purọ́ nítorí ìbínú ni yóò mú kí àwọn ará ilé wa pàápàá ṣíwọ́ bíbi wá ní ohunkóhun.