Ìwé Ewúrẹ́ Tí Bàbá Tì Pa

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Kò sí olè níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kú, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹnu ọkùnrin náà gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tó ń gẹ irun mi.

1.
Onígbàjámọ̀ ni. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí kò bá sí oníbàárà, á tún máa nu dígí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, a sì máa kó ìwé ìròyìn tí àwọn ọ̀gá ti kà tán wálé. Lẹ́yìn ìwé ìròyìn Sátidé ni ìtàn aláwòrán kan máa ń wà: àwòrán mẹ́rin péré, nípa alágbàfọ̀ kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ tó máa ń jẹ aṣọ oníbàárà. Ọmọ náà ń gé e, ó ń lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá kan, títí ó fi lẹ ọgọ́fà.

Ó dàgbà, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan, wọ́n bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Nígbà tí ọmọbìnrin pé ọdún mẹ́sàn-án, tí àbúrò rẹ̀ pé mẹ́fà, bàbá gbé ìwé náà jáde ní Sátidé kan. Ó ka ọ̀kan fún wọn, èyí tí ewúrẹ́ jẹ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò ọ̀gá ọlọ́pàá, tí ọ̀gá sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

"Dádì, ẹ ka òmíràn!"

Ó pa ìwé dé. "Ó di Sátidé tó ń bọ̀. Bí èmi náà ṣe máa ń dúró nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹyọ kan péré!"

Ẹ wò ó, ibí lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú ju ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

2.
Ó ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹni tí kò bá fọ abọ́, kò ní gbọ́ tọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá pariwo, kò ní gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní:

"Dádì wọn, ọgọ́fà Sátidé ju ọdún méjì lọ o! Ṣé ìwé lẹ̀ ń kà fún wọn ni, àbí oògùn lẹ̀ ń wọ̀n? Èmi tí mo ń wọn oògùn jẹun, mi ò le tó báyìí."

"Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́," ọkọ dá a lóhùn. Ó rò pé òun gbọ́n.

3.
Ní ọ̀sẹ̀ kan, ewúrẹ́ jẹ aṣọ ìyàwó tó máa ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni ìtàn dúró. Kí Sátidé tó pé, ibà gbé ọmọbìnrin dálẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá wọlé wá kí i kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Dádì, ṣé ìyàwó yẹn padà rí aṣọ wọ̀?" Ohùn ọmọ ò ju tín-ín-rín lọ.

Bàbá sọ fún mi pé ọwọ́ òun ti kan kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó kàn fẹ́ gbọ́ kí ọmọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

"Òní Ọjọ́rú ni, ìyá mi. Tètè gbádùn, Sátidé ò jìnnà mọ́."

Ọmọ náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì kọjú sí ògiri.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin yìí ò lè jókòó. Ẹni tó ní kó tún irùngbọ̀n òun ṣe, ó fá ìdajì rẹ̀ dànù. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sáré lọ sílé. Ẹ̀rín ló gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn ọmọ méjèèjì, ó ń fi báírò ya ewúrẹ́ sẹ́yìn páálí oògùn. Ewúrẹ́ ọ̀hún jọ bẹ́ǹṣì.

"Mọ́mì, ó lẹ́sẹ̀ márùn-ún!"

"Ìrù ni ìkarùn-ún yẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìyàwó ò wá aṣọ kankan mọ́ o. Ó gbé ewúrẹ́ kọ́rùn, ó wọ ewúrẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó!"

Ọmọ aláìsàn rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn sì dákẹ́.

4.
Ara ọmọ yá. Sátidé dé, ẹnikẹ́ni ò pe bàbá. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Òmíràn tún dé, àwọn ọmọ àti ìyá wọn ń ya ewúrẹ́ tiwọn ní kíṣìnnì. Inú bí i, ojú sì tì í pé inú ń bí òun. Nígbà tó di Sátidé kẹta, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé ìwé náà wá, ó ní:

"Ẹ wá o! Gbogbo ọgọ́fà la máa kà lónìí!"

Wọ́n wá. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí itan. Ó kà, ó ń yí ohùn padà, ó tilẹ̀ ké bí ewúrẹ́. Ọmọbìnrin ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí à ń rín fún àlejò tó ń dápàárá. Àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Dádì, ṣé ó ṣì kù púpọ̀?"

Nígbà tó ka ogún, ọmọbìnrin ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ sinmi, ó ti rẹ̀ yín."

Ìwé náà wà lórí tábìlì pálọ̀ wọn títí di òní, ẹni tó bá wù ló lè ṣí i. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Ohun tó dùn mọ́ yín lọ́mọdé, bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ, ẹ fún un nígbà tó ń tọrọ rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ ọmọ ṣe orin tí ẹ ó máa gbádùn, torí ọjọ́ tó bá dákẹ́, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.