Ọkọ̀ Má-dúró Tí Wọn Kò Lù Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìparí rẹ̀. Kò gùn. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́.

1.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Má-dúró. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi nínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìyá wọn. Ọkọ̀ àwọn apẹja ni wọ́n ń kàn, ọkọ̀ tí kì í yára ṣùgbọ́n tí kì í dójú ti olówó rẹ̀. Wọn á fi pákó ṣe egungun rẹ̀, wọn á wá fi oje tẹ́ aṣọ fáíbà lé e lórí títí yóò fi le bí òkúta.

Láti ayé bàbá wọn ni òfin kan ti wà nínú ọgbà náà. Kí ọkọ̀ tó fojú kan ọ̀dà, ẹnì kan á fi òòlù onígi lù ú kiri láti imú dé ìdí, ẹnì kejì á jókòó sínú rẹ̀, á máa tẹ́tí. Ibi tó bá dára á dún kó-kó-kó. Ibi tí oje kò bá ti mú pákó á dún bò, bí ẹni ń lu ìrọ̀rí. Ibẹ̀ ni wọn á gé kúrò, wọn á tún un ṣe.

2.

Ọjọ́ kan ni Má-dúró ju ayùn sílẹ̀.

"Ó ti sú mi. Ọkọ̀ tí ìgbín lè yà sílẹ̀ ni mo ń kàn láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ kan èyí tó máa fò."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ ni ẹ kúkú ń wá."

Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ́ńjìnnì ńlá méjì ni yóò sì rọ̀ mọ́ pákó ìdí rẹ̀. Pákó ìdí yìí gan-an ni òjò pa ní ìta. Àbúrò ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Má-dúró kò lè dúró. Kí àbúrò tó ti ibi tó ti lọ ra ìṣó dé, ó ti tẹ́ fáíbà bò ó.

"Oòrùn á gbẹ ẹ́ nínú ibẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn wo ló máa ń wọ inú fáíbà?"

"O ti wá di bàbá mi nìyẹn."

3.

Nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ọgbà náà ló tẹ̀ lé e. Má-dúró ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lù ú. Ó kùn ún ní ọ̀dà pupa tí ń dán bí dígí. Ó to àga aláwọ funfun sínú rẹ̀, ó fi iná àti rédíò sí i. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé wá wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò.

Àbúrò mú òòlù onígi jáde.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n lu ìdí rẹ̀ nìkan."

"Lórí ọ̀dà yìí? O fẹ́ dá àpá sí mi lára ọkọ̀ ni?"

Ìyá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: "Má-dúró, jẹ́ kó lù ú. Ọ̀dà ò lè sunkún."

"Ìyá, ẹ ò mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?"

Ojú àwọn àlejò wà lára wọn. Àbúrò gbé òòlù náà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn rí. Kì í ṣe pé ẹni tó sọ ọ́ gbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

4.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán ọkọ̀ náà wò, etí omi kún fún èèyàn. Má-dúró ní kí àbúrò òun jókòó sẹ́yìn, kó máa ṣọ́ ẹ́ńjìnnì.

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ, kí n wá ọkùnrin."

Àbúrò bọ́ bàtà rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó wọlé.

Ọkọ̀ náà sì fò lóòótọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ yẹn ni Má-dúró gbọ́ tó fi tún tẹná mọ́ ọn. Nígbà náà ni pákó ìdí ya. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì já lọ, wọ́n gbá àga ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Omi tẹ̀yìn ya wọ inú ọkọ̀.

Nígbà tí àwọn apẹja fa àbúrò jáde, ó ń mí. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́. Má-dúró ṣa àjákù pákó ìdí kan lójú omi, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì.

5.

Láàárọ̀, bí ìyàwó àbúrò bá ti lọ síbi iṣẹ́, Má-dúró ni ń gbé e lọ sílé ìwẹ̀. Ó ń wẹ ẹ́, ó ń wọṣọ fún un, ó ń yí i kó má baà dégbò. Bẹ́ẹ̀ ni lónìí, bẹ́ẹ̀ ni lọ́la. Àwọn apẹja ti gba ibòmíràn lọ kan ọkọ̀. Àbúrò kò bú u rí, kò sì bá a ṣeré mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Má-dúró kúnlẹ̀ ti korobá.

"Àbúrò mi, ṣé o ti dárí jì mí?"

Àbúrò wo ojú rẹ̀, ó wo korobá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi yẹn ti ń tutù."

Má-dúró bu omi, ó ń wẹ ẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi ipò àgbà pa ẹni tó rí ewu lẹ́nu mọ́. Ẹ má sì ṣe ohun tí ẹ kò tíì dán wò lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí ẹwà rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹ fẹ́ dán an wò mọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.