Ìlú Ń Jó fún Apààyàn

Vidoje dé láti ẹ̀wọ̀n lónìí.

Èèyàn mọ́kàndínlógún ló dáná sun mọ́lé nígbà ogun Bosnia. Hatidža, ọ̀rẹ́ mi, wà nínú wọn.

Ọdún méjìlá péré ni kóòtù fún un!

Wàyí o, gbogbo ìlú ń jó. Wọ́n ń pe apààyàn ní akọni, torí pé ẹ̀yà Mùsùlùmí tí ìlú wa bá jagun ló pa.

Inú ń bí mi.

Olórí ìlú na máìkì sí mi. "Màmá, ẹ súre fún un."

Mo gbà á.

"Ẹlẹ́rìí tí kóòtù fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, tó ní òun rí Vidoje níbi tó ti ń ṣáná, ṣé ẹ ṣì ń wá a?"

Wọ́n figbe ta: "Ọ̀dàlẹ̀ yẹn! Ta ni?"

"Èmi ni. Èmi tí mo bí Vidoje."