Àga Lábẹ́ Afárá Ọ̀yán

Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé pé afárá dára ni yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí rélùwéè àkọ́kọ́ bá ń kọjá. Òfin nìyẹn. Abẹ́ afárá mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Oyèníkẹ̀ẹ́, ẹnjiníà ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ti jókòó.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé àga rẹ̀ dé etí odò Ọ̀yán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ fi kan afárá náà, ọwọ́ ènìyàn ò kàn án. Ó gbàdúrà, ó sì kí irin: "Atẹ́rẹrẹ-lórí-omi, agbé-ẹgbẹ̀rún-má-mì." Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó ń fi lu àwọn bóòtù tó so irin pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí ìró wọn.

Ládépò, ọ̀gá iṣẹ́ náà, rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rọ ti yẹ̀ wọ́n wò o. Àbí ẹ fẹ́ bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa ni?"

Gbogbo wọn ń dún gooro. Ọ̀kan wá dún bí ìkòkò tó ti sán.

"Eléyìí nìkan ni kò sùn," ni Oyèníkẹ̀ẹ́ wí.

"Ẹ̀rọ ní kò sí wàhálà. Irinwó èrò ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, Màmá."

Ìyá náà na bírò sí Ládépò. Ó fẹsẹ̀ ti àga sí iwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ fọwọ́ sí i."

Ládépò wo àga. Ó gbójú sókè wo bóòtù yẹn. Kò gba bírò. Ó fa fóònù yọ, ó pe awakọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ̀ dúró."