Ó Ti Rẹ Ilẹ̀ Yìí

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń lọ sùn nínú igbó ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni o, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè pàgọ́ sí, tí ilẹ̀ bá ṣáà ti gbà. Lọ́sẹ̀ yìí, màmá wa àgbà bá wa lọ. Wọ́n fẹ́ sun oorun kan péré níbi tí abúlé wọn wà kí igbó tó gbà á.

A débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bọ̀dá mi, Fọlárìn, ki ọ̀pá ìjọba tó máa ń gbẹnu sọ fún ilẹ̀ bọlẹ̀.

Ọ̀pá ní, "Ó ti rẹ ilẹ̀ yìí. Ẹnì kan ti sùn síbí. Ẹ padà wá lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì," ni Bọ̀dá Fọlárìn wí.

"Òjò ọdún tó ń bọ̀ lè má bá mi láyé. Gbé àga mi wá. Ṣé wọ́n ní ká má jókòó ni?"

Bọ̀dá Fọlárìn gbé àga wá, Màmá sì jókòó.

Ká ní ilẹ̀ gbà ni, wọn ì bá ti máa hanrun. Àmọ́ torí pé wọn ò gbọ́dọ̀ sùn, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣáá: ilé ta ló wà níbí, ta ló fẹ́ ta.

"Ibi tó o dúró sí yẹn," wọ́n sọ fún mi, "ààrò màmá mi ni."

Mo rọra gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.