Pátákó Ritterfeld

Vemuna sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e láti Maun ní Botswana, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wá wá sí Namibia: ibi tí Kandiapu, ìyá ìyá ìyá rẹ̀, gbé kí ogun àwọn Jámánì tó lé e gba aṣálẹ̀ kọjá. Ní ilé wọn, orúkọ obìnrin náà àti orúkọ ìlú yìí nìkan ni wọ́n mọ̀.

Látìgbà òmìnira ni wọ́n ti ń yọ orúkọ Jámánì kúrò láwọn òpópónà ìlú náà. Ní àdúgbò àwọn Herero, ẹ̀yà Vemuna, ọ̀kan ṣẹ́kù: Òpópónà Ritterfeld. Vemuna bi olùkọ́ tó gbà á sílé léèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gágun ni," olùkọ́ náà ní. "Òun ló fi ọmọ ogun yí kànga ibẹ̀ ká, tí òùngbẹ fi pa àwọn èèyàn wa bí ẹran. Ìjọba fẹ́ yọ orúkọ yẹn, àwọn ará òpópónà ló kọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi."

Vemuna kò sùn dáadáa. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìlú, ó bẹ̀, ó jà, wọ́n sì fún un ní òṣìṣẹ́ méjì pẹ̀lú àkàbà.

Ìyá àgbà kan, Uapiruka, ti jókòó sídìí òpó pátákó náà nígbà tí wọ́n dé, gèlè àwọn obìnrin Herero tó yọ ìwo méjì bíi ti màlúù lórí rẹ̀, ọ̀pá lórí itan, igbá wàrà kíkan níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Káàbọ̀ ná. Mu wàrà yìí, kí o sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, kí n lè sọ ti ilẹ̀ yìí fún ọ. A kì í rojọ́ ilẹ̀ fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ."

"Mi ò lè mu nǹkan kan lábẹ́ orúkọ apànìyàn."

"Màlúù mi ló ni wàrà. Ritterfeld kọ́ ló fún ọmú rẹ̀."

Òṣìṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín, ó yára gbójú sápá kejì.

"Ta ló tiẹ̀ sọ ibí lórúkọ yẹn?" Vemuna bi í.

"Àwa ni. Ẹnu wa làwọn Jámánì ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kọ ọ́ sára pátákó. Wọ́n rò pé à ń bọlá fún un."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ojú ò tì yín?"

"Mu wàrà, ọmọ yìí."

Vemuna juwọ́ sáwọn òṣìṣẹ́. Bí ọ̀kan ṣe gun àkàbà, Uapiruka dìde, ó gbé ọ̀pá sókè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Vemuna figbe ta. Ìyá àgbà wo ọmọ náà títí, ó sì sọ ọ̀pá kalẹ̀.

Pátákó já bọ́ sínú iyanrìn.

Ìgbà yẹn ni Vemuna tó jókòó. Ó tu ọmọ sílẹ̀, ó fún un lọ́mú, ó gbé igbá wàrà, ó mu.

"Ìran Kandiapu ni mí," ó ní, "láti Maun."

Uapiruka gbé pátákó náà nílẹ̀.

"Ní tiwa, orúkọ ẹni tó bá kú síbì kan la fi ń pe ibẹ̀," ó wí, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára pátákó náà, "ibí ni Kandiapu ti fi ọ̀bẹ gún Ritterfeld pa létí kànga, kó tó pọn ọmọ rẹ̀ wọ aṣálẹ̀ lọ, kò sì sí àmì mìíràn tó fi sílẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí."