Ọkọ Mi Nínú Fíìmù

Nígbà tí Àjàgbé ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣú mi lópó. Mo kọ̀. Èmi àti Àjàgbé ti ṣe àdéhùn pé kò ní sí ẹlòmíràn láéláé. Láti ogójì ọdún ni mo ti ń lọ wo fíìmù tí àwa méjèèjì jọ ṣe ní gbogbo àyájọ́ ikú rẹ̀. Ìtàn tọkọtaya ayé àtijọ́ ni, èmi àti òun la sì ṣe tọkọtaya náà; aṣọ etù àti ìmọ́lẹ̀ fìtílà ló kún inú rẹ̀.

"Ìyá, ọkọ yín ti ń retí yín o," Lámídì tó ń yí fíìmù ní ilé sinimá fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Yí i, má fi àkókò ṣòfò."

Èmi nìkan ni mo wà ní gbọ̀ngàn. Nígbà tí Àjàgbé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú fíìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ààyè mi, ó ń bá a di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Lámídì, fíìmù wo nìyí?"

"Èyí tí ẹ máa ń wò náà ni, Ìyá."

Obìnrin inú fíìmù náà kọjú sí mi. "Ta ni màmá tó ń wò wá yẹn?"

Ọkọ mi wò mí títí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ó wí.

Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, wọ́n sì wọlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ti ìlẹ̀kùn.